Ìrépé Aṣọ Alákeekèé

"Ẹ ti ilẹ̀kùn! Mo ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn!"

Ìyá Qonitah kò tíì sọ ọ́ tán tí Hope, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, fi fa ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀, gbàràmù! Fàthíà ti wà lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ń gé aṣọ lé lórí, ó fi híjáàbù rẹ̀ di ẹnu. Níta, lójú títì Ìgàndò, ìgò ń fọ́, ẹsẹ̀ ń sáré gìrìgìrì, ohùn ọkùnrin kan sì ń ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́! Èmi kọ́! Èmi kọ́ o!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tí àdá balẹ̀, bí ìgbà tí alápatà ń gé egungun màlúù. Igbe náà sì dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà ṣílẹ̀kùn, oòrùn ọ̀sán ń ràn bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́bàá gọ́tà. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé abẹ́ bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Ìyá Qonitah bu omi, ó mú ọṣẹ, ó fọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án.

"Àwọn Alákeekèé ni," Hope sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Pa ẹnu ẹ dé, jàre," ni ọ̀gá wọn dá a lóhùn. "Ẹni tó bá mọ orúkọ ejò jù, ejò á mọ orúkọ tiẹ̀ náà."

Bí ìlú ṣe rí lọ́dún náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ òkùnkùn méjì ń bá ara wọn jà láti Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, àwa sì mọ̀ pé ibi tí erin méjì bá ti ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń jìyà.

Ìdíátù ni orúkọ tí wọ́n sọ Ìyá Qonitah ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ń ránṣọ ní Ìgàndò kí ọ̀dà tó kan títì ibẹ̀. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ga ju gbogbo òfin yòókù lọ: ìrépé kì í ṣe ti aránṣọ. Bí ó bá gé aṣọ oníbàárà tán, gbogbo ègé tó ṣẹ́kù, ìbáà kéré bí èékánná, yóò ṣà á jọ, yóò dì í sínú ọ̀rá, yóò sì tì í bọ àpò aṣọ tó rán.

"Aṣọ ènìyàn, ara rẹ̀ ni," báyìí ló máa ń wí. "Ṣé onígbàjámọ̀ lè gé irun rẹ tán kí ó kó o lọ sílé ara rẹ̀? Ìrépé kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ni ín."

Fàthíà kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ bíi ti Hope. Ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ló ti ń kọ́ nípa oge àti aṣọ yíyà, ilé ẹ̀kọ́ náà ló ní kí ó wá ṣe àì-tíì, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ láàárín ìlú. Abdulmuiz, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń rán an nílé ìwé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Yàrá kan ni àwọn méjèèjì ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Fèrèsé onígíláàsì ni Abdulmuiz ń ṣe. Bí ó bá dé nírọ̀lẹ́, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó kún fún ojú ọgbẹ́ gíláàsì sí àbúrò rẹ̀ lójú. Á ní, "Wo ọwọ́ yìí dáadáa, Fàtì. Òun ló máa sọ ẹ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lásán o."

Ojú sì ń kán Fàthíà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòyí àti Lẹ́kí. Adébùnmí, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ó má fi àwòrán ránṣẹ́ sí i lórí fóònù.

"Fàtì, ṣé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ jẹ́léósinmi lẹ ṣì ń rán níbẹ̀ yẹn, àbí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ṣòkòtò?" Ó fi ẹ̀rín tì í.

Ìyáàfin Ọláoyè, olùkọ́ wọn, ti wí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbé aṣọ kan wá síbi àfihàn ìparí ọdún. "Mo fẹ́ aṣọ tí màá wò tí màá mọ ìlú tí ó ti wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá bi yín: níbo ni ìmísí rẹ̀ ti wá?"

Ibi tí Fàthíà ti ń wá ìmísí kiri ni Yésúfù fi wọlé.

Yésúfù ni olórí àwọn Alákeekèé. Ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí àna tuntun. Ó kó aṣọ dúdú kan wá, tí àwọn fúnra wọn lọ tẹ àkeekèé pupa sí lára, àkeekèé kọ̀ọ̀kan gbé ìrù sókè bí ẹni tó fẹ́ ta ènìyàn.

"Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n pa ẹnì kan nínú wa. Ọjọ́ tí a bá máa ṣèrántí ẹ̀, ẹ̀wù yìí ni gbogbo wa máa wọ̀. Ìyá, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ wa kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́…" Kò parí ọ̀rọ̀. Ó mú àlùmọ́gàjí orí tábìlì, ó ṣí i, ó pa á dé kẹrẹ́, ó gbé e sílẹ̀.

Ta ló máa ní òun kò rán an? Bí ẹkùn bá ní kí ewúrẹ́ bá òun gbẹ́rù, ewúrẹ́ kì í béèrè ibi tí àwọn ń lọ. Ìyá Qonitah rán ẹ̀wù náà tán, ó sì gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. "Ẹni tó bá rí ìrépé aṣọ yìí nílẹ̀, kó fún mi. Kódà òwú ẹ̀ ò gbọdọ̀ kù síbí."

Fàthíà ti ká ègé mélòó kan sábẹ́ híjáàbù rẹ̀. Hope rí i.

"Fàtì, dá a padà. Àkeekèé ò ṣé é dì níbò."

"Ìrépé lásán, Hope! Ṣé wọ́n máa kà á ni?"

"Ó dáa. Èmi ò rí nǹkan kan o, ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi."

Nílé, Fàthíà fi aṣọ funfun àti ti eléérú rán ẹ̀wù kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó to àwọn ìrépé náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn àkeekèé pupa wá dà bí èyí tó ń gùn lọ sí ọrùn. Kí a má parọ́, ẹ̀wù náà dára. Abdulmuiz wọ̀ ọ́, ó yí po níwájú dígí, ó pariwo: "Háà! Fàtì! Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Ọjọ́ àfihàn lo máa wọ̀ ọ́ o, Bùọ̀dá mi. O ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ síta ṣáájú."

"Nítorí kí ni?"

Ibí yìí ni ìtàn ti dojú rú. Òtítọ́ wà lẹ́nu Fàthíà, ó kù díẹ̀ kó jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, Abdulmuiz yóò ní kí ó tú ẹ̀wù náà ni. Ló bá ní, "Kó má baà dọ̀tí ni." Ó sọ òfin, kò sọ ìdí rẹ̀. Òfin tí kò nídìí, bí igbá tí kò nídìí ni. Kì í gba omi dúró.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́ Abdulmuiz ń sọmọ lórúkọ ní Ìkòtún. Fàthíà ti lọ ṣiṣẹ́. Abdulmuiz wo ẹ̀wù tó wà lára ìṣó, ó wo àwọn ẹ̀wù tirẹ̀ tó ti gbó, ó ní ìdọ̀tí wo ló wà níbi ìsọmọlórúkọ. Ó wọ̀ ọ́, ó jáde.

Bó ṣe ń bọ̀ láti Ìkòtún ni wọ́n fa kọ́là rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ọmọ ta ni ẹ́? Ta ló fún ẹ láṣọ wa?"

Kí ó tó yíjú, igi ti bà á lágbárí. Wọ́n gbá a lulẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ gún un níhà títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró lókèèrè, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. "Ta ló rán an?" ni wọ́n ń bi í. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé Abdulmuiz. Ó pa eyín pọ̀, kò dárúkọ àbúrò rẹ̀. Wọ́n fọ́ ìgò lé e léjìká, síbẹ̀ kò sọ ọ́.

"Kò sí wàhálà," Yésúfù wí jẹ́jẹ́. "Ibì kan ṣoṣo la ti rán aṣọ yìí."

Wọ́n wọ́ ọ sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá bí àpò ẹ̀gẹ́, ó di ṣọ́ọ̀bù Ìyá Qonitah. Wọ́n jù ú sílẹ̀ sáàárín ẹ̀rọ ìránṣọ. Fàthíà rí ẹ̀wù kí ó tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ojú náà ti wú kọjá ojú ènìyàn. Abdulmuiz mi orí sí i díẹ̀. Ó túmọ̀ sí: dákẹ́.

"Ìyá, mo sọ fún yín àbí n ò sọ?" Yésúfù gbá ìyá náà létí, gèlè fò kúrò lórí rẹ̀. Àwọn méjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Yésúfù gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú tí iná ń pọ́n nínú rẹ̀. "Ta ló ta ìrépé wa?"

"Mo kó o fún yín tán… Ọlọ́run ló mọ̀… mo kó gbogbo ẹ̀ fún yín!" Ìyá Qonitah ń bẹ̀ wọ́n. Hope ń sunkún nígun. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì sọ ọ́. Ooru áyọ́ọ̀nù ti ń jó irun ọwọ́ ìyá náà.

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó dà á bá sá, ojú ẹlòmíràn ni eérú náà ń fọ́. Fàthíà dìde.

"Èmi ni. Wọn ò mọ̀ sí i. Èmi ni mo jí i, èmi ni mo rán an. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!"

Yésúfù gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sì fa àdá yọ. Kò tún sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Ó fà á sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ọmọbìnrin náà. Ẹni tí wọ́n ti rò pé kò lè dìde mọ́ ló fò sáàárín wọn. Abdulmuiz fi ọwọ́ ọ̀tún gba àdá. Ọmọ ìka méjì balẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, láàárín òwú àti abẹ́rẹ́.

Igbe tí Fàthíà ké, wọ́n gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì tó wà lódìkejì. Àwọn yẹn ti ń wò ó tipẹ́, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n igbe náà lé ẹ̀rù lọ. Wọ́n fi irin, sípánà àti òòlù ya lù wọ́n. Wọ́n fọ́ ẹnìkan lórúnkún, wọ́n gba àdá lọ́wọ́ ẹnìkejì, àwọn yòókù sá wọ àdúgbò lọ. Kí oṣù tó parí, ọlọ́pàá ti mú Yésúfù ní Àgbàdo.

Wọ́n gba ẹ̀mí Abdulmuiz là ní ilé ìwòsàn. Wọn kò rí ìka rẹ̀ so padà. Ìyá Qonitah wá wò ó, ó jókòó, ó wo Fàthíà títí.

"Mi ò ní gbé ẹ ṣépè," ó wí. "Ìwọ lo jí i, ìwọ náà lo sì dìde. Àmọ́ má padà sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́." Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣí lọ sí Ayọ̀bọ̀.

Ẹni tó ń ṣe fèrèsé ti di ẹni tí kò lè di gíláàsì mú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Fàthíà jí, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ jìjàkadì. Ìka mẹ́ta tó kù kò lè de bọ́tìnnì. Ó gbìyànjú títí, ó fa ẹ̀wù náà ya, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri títí ọgbẹ́ fi tún ṣí.

"Jẹ́ kí n bá ẹ dè é," Fàthíà bẹ̀ ẹ́.

"Títí di ìgbà wo? Ṣé ìwọ lo máa máa wọṣọ fún mi títí màá fi kú?"

Fàthíà ṣa àwọn bọ́tìnnì tó fọ́n ká sílẹ̀, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì nìkan wọ ẹ̀wù. Ó kùnà. Ó tún un ṣe. Ó yí ojú bọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́, ó fi igi kékeré tí a ń tì bọ inú okùn rọ́pò bọ́tìnnì. Ó tún kùnà, ó tún tú u, ó tún un rán.

Lọ́jọ́ àfihàn, aṣọ àwọn Adébùnmí ń dán yanranyanran. Abdulmuiz jáde sórí pèpéle láìwọ ẹ̀wù sọ́rùn, ẹ̀wù funfun kan wà léjìká rẹ̀. Ó dúró níwájú gbogbo ènìyàn, ó na ọwọ́ tó ku ìka mẹ́ta, ó fi ọwọ́ òsì nìkan wọ ẹ̀wù náà, ó tì í pa láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́.

"Fàthíà," Ìyáàfin Ọláoyè béèrè, "níbo ni ìmísí rẹ̀ ti wá?"

"Láti inú ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, Mà." "Mo mú ohun tí kì í ṣe tèmi torí pé ó kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọwọ́ rẹ̀ san án."

Nígbà tí èrò ń tú ká, obìnrin kan dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ìyá Qonitah ni. Hope ló júwe ọ̀nà fún un. Ó yẹ ẹ̀wù Abdulmuiz wò nínú àti lóde, bí ó ti máa ń yẹ iṣẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀rá kékeré kan. Ìrépé aṣọ òkè tí òun fúnra rẹ̀ fi ṣègbéyàwó ló wà nínú rẹ̀.

"Gbà," ó wí. "Èyí, èmi ni mo fún ẹ."

Fàthíà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ohun tí a fún ni, bó ti wù kó kéré tó, ó ń bo ni lára. Ohun tí a jí, ìbáà ṣe ègé tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ó lè tú odidi ìdílé sí ìhòòhò.