Ìwé Inú Báàgì Fóòmàn

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ìgàndó lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọdún 1991. Nímọ́tà, tí kò tíì bọ́ aṣọ ilé-ìwé sílẹ̀, rò pé wọ́n wá ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá òun ni. Ọkùnrin méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé ènìyàn kan láti ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni gbé àpò gààrí kalẹ̀, wọ́n sì kó sínú ọkọ̀ padà. Wọn kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí Nímọ́tà máa súnmọ́ ibẹ̀, Tàjùdíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí. Àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti inú àpò náà sórí iyanrìn. Ìyá wọn tú àpò ọ̀hún. Ẹran àti eegun tó ti rún pọ̀ ló wà níbi tí ìka máa ń wà.

Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, Tàjùdíìnì ló ń bọ́ ilé náà, owó rẹ̀ ni Nímọ́tà sì fi ń lọ sílé-ìwé. Ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n ti ń fi páànù ṣe agolo, ló ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń gé páànù. Irin kan wà tó yẹ kó dí ẹnu ẹ̀rọ yẹn kí ọwọ́ má bàa wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti ní kí wọ́n yọ ọ́, ó ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ọ ná! Nítorí kí agolo lè pọ̀ sí i, wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọsibítù, dókítà gé ìyókù ọwọ́ náà kúrò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rán ènìyàn wá pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan. Oníṣẹ́ náà ní ọ̀gá gbọ́ pé Tàjùdíìnì fara pa nílé, ó sì bá wọn kẹ́dùn. Nílé kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, torí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn tó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá wọn fẹ́ gba ìrẹsì náà kó sì dúpẹ́. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, tálákà kì í sì í bá olówó wọ̀yá ìjà.

Olùkọ́ Nímọ́tà, Mísìs Ilésanmí, obìnrin Èkìtì kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, tó wá bẹ̀ wọ́n wò, ni kò jẹ́ kí ó gbà á. Ó pe Nímọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Òfin wà, láti ọdún 1987," ló wí. "Òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún ẹ̀yà ara tó sọ nù. Kì í ṣe àánú, Nímọ́tà. Ẹ̀tọ́ ni."

Ó ní kí wọ́n má fi falẹ̀ rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, tó sì mú ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìkẹjà. Níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: ẹ̀rí pé ẹnu iṣẹ́ ni ọwọ́ náà ti gé. Àwọn tó ń bá Tàjùdíìnì ṣiṣẹ́ mọ òótọ́, àmọ́ ta ni kò fẹ́ jẹun? Gbogbo wọn panu mọ́. Ìwé ńlá tí Fóòmàn Oyèníran, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ń kọ orúkọ sí láràárọ̀ nìkan ló kù.

Nímọ́tà kórìíra Fóòmàn yìí. Òun ló ń jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ irin ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà tí Tòún, ọmọ ilé kejì tó ń to agolo níbẹ̀, wá sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú pé wọ́n ti kọ ìwé tuntun, pé ọ̀gá ti ní kí Fóòmàn gbé èyí àtijọ́ jáde láàárọ̀ ọ̀la kó lọ dáná sun ún, àyà rẹ̀ gbóná bí iná. Ká ní ó sáré lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá gba ibòmíràn. Ìkòtún ló gbà lọ, sọ́dọ̀ Táyéwò, ọ̀rẹ́ Tàjùdíìnì tó wà ní gáréèjì. Bẹ́ẹ̀, Tàjùdíìnì ti kìlọ̀ fún un lórí ibùsùn pé kó má gbé ọ̀rọ̀ òun dé ọ̀dọ̀ Táyéwò, torí ọmọ náà kò mọ ibi tó yẹ kí ìjà parí sí.

Nímọ́tà bẹ Táyéwò pé kí wọ́n ṣá gba ìwé náà. Táyéwò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ṣá fi ẹni náà hàn wá," ló sọ. "Tó o bá ti fi hàn wá, máa lọ síléèwé ẹ jàre."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ aṣọ ilé-ìwé, kò sì dé ilé-ìwé. Ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà ló dúró sí pẹ̀lú Táyéwò àti àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, Fóòmàn yọ. Ó gbé báàgì dúdú kan há abíyá, ó ń wo ẹ̀yìn ó ń wo iwájú bí olè. Nímọ́tà na ìka sí i.

Pákó àkọ́kọ́ bà á léjìká. Ká má purọ́, inú Nímọ́tà dùn sí pákó yẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì bà á nídìí etí, ó sì ṣubú lórí eékún. Wọ́n ń fi bàtà gbá a níhà, wọ́n ń fi igi fọ́ ọ lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí nǹkan fi dún pà níbẹ̀. Ì bá ju báàgì náà sílẹ̀ kó fọwọ́ bojú, kò ṣe é. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá a mọ́ àyà, ojú rẹ̀ sì wà gbangba fún wọn. Táyéwò fi irin gbọọrọ kan lù ú lójú. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ọkùnrin náà figbe ta. Nímọ́tà pariwo pé ó tó, ó tó, ṣùgbọ́n irin náà tún sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí báàgì tó já bọ́.

Nímọ́tà gbé e, ó ṣí i. Ìwé ńlá náà wà níbẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú rẹ̀, déètì pé, wákàtí tí ẹ̀rọ gé e pé. Lẹ́tà kan wà láàárín rẹ̀ tí a kọ sí ọ́fíìsì Ìkẹjà. Fóòmàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rí i nígbà tí ọwọ́ náà gé, pé òun ti ṣe tán láti jẹ́rìí.

"Ìkẹjà," ni ọkùnrin náà ń sọ nínú ẹ̀jẹ̀. "Ìkẹjà ni mò ń gbé e lọ."

Àwọn ọmọkùnrin ti fẹsẹ̀ fẹ. Nímọ́tà náà sá, tòun tìwé. Àwọn èrò ọ̀nà ló gbé Fóòmàn dé ọsibítù, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì fọ́ pátápátá.

Ọ̀gá sọ fún ọlọ́pàá pé olè ló dá Fóòmàn lọ́nà. Táyéwò ránṣẹ́ sí Nímọ́tà pé bó bá lanu, òun á fa ẹnu náà ya. Ìdààmú wá bá ọmọbìnrin yìí. Bó bá mú ìwé náà jáde, wọn á bi í léèrè ibi tó ti rí i. Bó bá sì fi pa mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di alápá kan lásán nìyẹn. Ọjọ́ méjì ni ìwé náà fi wà lábẹ́ ẹní rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ìwé náà lọ síbi tí Fóòmàn dùbúlẹ̀ sí, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Kẹ́mi, ìyàwó Fóòmàn, gbá a létí, ó tún un gbá, ó fa ọrùn aṣọ rẹ̀ ya. Nímọ́tà kò gbé ọwọ́ sókè. Fóòmàn ló ní kí ìyàwó òun fi í sílẹ̀.

"Ọ̀gá ló pàṣẹ pé kí n yọ irin yẹn," ló wí, "ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi yọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí oorun sùn. Gbé ìwé náà dé Ìkẹjà. Tó o bá kúrò níbẹ̀, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Bó ṣe wí ni ó ṣe. Mísìs Ilésanmí bá a dé ibi méjèèjì. Inú àhámọ́ ni Nímọ́tà wà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu àwọn ẹni tó wà ní yàrá kejì. Wọ́n rí Táyéwò mú ní Ìdí-Ìrókò, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀bẹ̀ Fóòmàn ni adájọ́ fi dá Nímọ́tà sílẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn ní ọ́fíìsì Ìkẹjà pé, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó rí ìwé àtijọ́ lórí tábìlì. Ó rí Oyèníran, tó ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú báńdéèjì lójú àti igi tó fi ń tilẹ̀. Ẹ̀rín náà gbẹ. Kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, ó ti gbà láti san owó ìtọ́jú Tàjùdíìnì àti owó gbà-má-bínú tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gé. Ìyá wọn bú sẹ́kún. Tàjùdíìnì fi ọwọ́ òsì buwọ́ lùwé, jágbajàgba bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Nímọ́tà kò lè dákẹ́. Ó bi òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà léèrè ohun tí òfin là sílẹ̀ fún ojú Fóòmàn.

Ọkùnrin náà pa fáìlì rẹ̀ dé. "Ẹ̀rọ kọ́ ló fọ́ ojú yẹn," ló wí. "Òfin tó jà fún ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní nǹkan kan fún un. Ìwọ ni kó o dáhùn ìyẹn."

Oyèníran dìde láti máa lọ. Apá ibi tí ojú ti fọ́ ni ilẹ̀kùn wà, ó sì fi èjìká gbá ògiri. Nímọ́tà sáré dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà rọra yọ ọwọ́ náà kúrò.

"Mo ti dárí jì ọ́," ló sọ. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n wá ilẹ̀kùn fúnra mi."

Ó ń fọwọ́ tá ògiri lọ títí tó fi jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́, òfin sì wà tó ń gbà á: ẹ tètè kọ̀wé, ẹ wá ẹ̀rí, ẹ pe àgbà tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi kùmọ̀ wá ẹ̀tọ́ lè rí i gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kùmọ̀ bá fọ́, kò sí ọ́fíìsì tó ń san án padà.