Erùpẹ̀ Inú Ṣágo

Obìnrin méjì ló fojú ara wọn rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn. Bí ẹ bá dé Ìwó, ẹ béèrè. Wọn ò ní dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní jiyàn.

Ní ọdún 1985, Yẹ̀kínì, tíṣà bàọ́lọ́jì, gbé agbada tí Ràhámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ fi ń yan gaàrí, ó fi yan erùpẹ̀ pupa títí kò fi sí ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ràhámọ̀tù pariwo títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Tíṣà da erùpẹ̀ náà sínú ṣágo. Ó ha ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára ìkòkò omi, ó fi sí i, ó dé ẹnu ṣágo pinpin, ó sì yọ́ àbẹ́là lé e lórí.

Ó sọ fún Ràhámọ̀tù pé, "Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú ò lè rí ló wà níbẹ̀ yẹn. Mars, ìràwọ̀ pupa tí mo fi hàn ọ́ lọ́jọ́sí, òkú ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbin irú wọn síbẹ̀, wọ́n á máa ṣe afẹ́fẹ́. Bó pẹ́ bó yá, èèyàn á lè gbé ibẹ̀."

"Ta ló fẹ́ lọ gbé ibẹ̀?"

"Èmi àti ìwọ."

"Ẹ máa lọ o, Tíṣà. Ẹ bá mi kí wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣáà má ṣí i. Afẹ́fẹ́ tiwa á ba tiwọn jẹ́."

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú Tíṣà lọ. Ràhámọ̀tù bẹ̀rẹ̀ tákàbá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá láìjáde nílé. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ débi pé ó ṣì ń bu oúnjẹ ẹni méjì. Ọ̀sán ló burú jù. Ilé á pa lọ́lọ́.

Àjíkẹ́, ìyá Tíṣà, kì í fẹ́ wo ṣágo tó wà lójú fèrèsé.

"Ìyàwó, da ìdọ̀tí yìí nù."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ọwọ́ wọn ló ṣe é."

Lóṣù kejì, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Ràhámọ̀tù rí ojú àpá lórí erùpẹ̀ inú ṣágo. Kò gùn ju ìka kan lọ. Àpá iwájú orí. Àtẹ́lẹwọ́ méjì. Orúnkún méjì. Ẹni tó forí kanlẹ̀ ni, ó sì kọjú sí gábàsì, ibi tí à ń kọjú sí kírun.

Ó gbọn ṣágo. Àpá náà parẹ́. Nígbà tí wọ́n kírun mọ̀gàríbà tán, ó ti padà. Ó yí ṣágo títí àpá náà fi kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tó di ìrun tó tẹ̀ lé e, gábàsì náà ni àpá tún kọjú sí. Àbẹ́là ẹnu ṣágo kò sán.

Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ.

Lọ́jọ́ tí tákàbá parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ilé-Ogbó láti mú un lọ sílé bàbá wọn. Ó ń dúró níta. Ràhámọ̀tù ti mú ọ̀bẹ, ó ti gbé e lé àbẹ́là. Bó bá ṣí i, bóyá á gbóhùn Tíṣà lẹ́ẹ̀kan péré. Bóyá á sì pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Ó wo inú ṣágo. Lẹ́yìn àpá náà, ẹnì kan ti tẹ́ erùpẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, àyè ẹnì kan ṣoṣo, níbi tí ìyàwó máa ń dúró sí bí ọkọ rẹ̀ bá ṣe lèmọ́mù fún un.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà, ó gbé ṣágo sílẹ̀, ó tẹ́ ẹní sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kábárà láti wọ ìrun.

Àjíkẹ́ wọlé wá pè é. Ó bá a lórí ìdúró, kò mira.

"Ìyàwó, kí lò ń dúró dè?"

Ràhámọ̀tù ti wọ ìrun; ojú rẹ̀ kò kúrò lára ṣágo. Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú ṣágo. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó fi gèlè borí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, òun náà sì kábárà.

Ẹ̀gbọ́n Ràhámọ̀tù ń pè wọ́n níta.

Nínú ṣágo, erùpẹ̀ díẹ̀ mì, bí ìgbà tí lèmọ́mù bá tẹ̀ ba. Àwọn obìnrin méjèèjì náà tẹ̀ ba.