Wọ́n Bò Ó Lójú, Wọn Ò Bo Oríkì

Túnráyọ̀ tú àṣírí ìyá rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láìmọ̀.

Bàbá rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Challenge, nínú ìlú wọn kan náà. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ wọn ní Agbowó, sọ fún gbogbo èèyàn pé iṣẹ́ ló gbé ọkọ òun lọ sí Àbújá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ a bá a gbàdúrà fún ọkọ tó wà ní Àbújá, òun náà a sì ṣe àmín. Túnráyọ̀ kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kí bàbá rẹ̀ padà wálé lọ.

Ọmọ́fẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló sọ̀rọ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n "Tú U Síta" fún un.

"Wọ́n á pe bàbá ẹ lójú gbogbo ayé. Ta ni kì í bẹ̀rù kámẹ́rà?"

"Bí màmá mi bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún wọn? Wọ́n máa ń bo èèyàn lójú. Ojo lásán ni ẹ́, jàre!"

Bí wọ́n ṣe jáde nílé ìwé, ó di Ring Road, níbi tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà wà.

Àǹtí Rẹ̀mí, olóòtú ètò náà, fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì ń pè é ní ọmọ mi. "A ó bò ọ́ lójú. A ó yí ohùn rẹ padà. Ìwọ má ṣáà dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Èèyàn kì í sì í bi ọ̀rọ̀ dídùn léèrè ohun tó ń wá.

Túnráyọ̀ sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ Àbújá. Wọ́n pe bàbá rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ orúkọ ètò náà ló pa fóònù. Ni ọmọ bá bú sẹ́kún. Àǹtí Rẹ̀mí gbá a mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ìyá.

"Bí o bá ń sunkún báyìí nílé, kí ni màmá rẹ máa ń fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún?"

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó. "Wọ́n á ní, 'Àbẹ̀ḿbí mi, ọmọ tí mo fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré nínú òjò lọ bí ní ilé ìwòsàn Jẹ́ríkò.'"

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń ti orí àtẹ̀gùn ki oríkì yìí fún un bó bá ń lọ sílé ìwé.

Bí wọ́n ṣe pa kámẹ́rà ló rántí ohun tó sọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ibi oríkì yẹn."

"Má mikàn, ọmọ mi. A ó yọ ọ́."

Wọn ò yọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń polówó ètò náà. Ojú kò hàn, ohùn sì dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀, Jẹ́ríkò náà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, ìyá rẹ̀ ń fa omi ní kànga. Ìyá Ìyábọ̀, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn, kí i.

"Ìyá Túnráyọ̀, ẹ kú Àbújá o! Àbí Challenge ni Àbújá wà báyìí?"

Àwọn tó wà nídìí kànga rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fi korobá sílẹ̀ láìkún, ó wọlé.

Túnráyọ̀ sáré padà sí Ring Road. Ẹni tó ń pè é lọ́mọ kò ní kó jókòó.

"Àǹtí, ẹ ní ẹ ó yọ ọ́!"

"Ṣé ojú rẹ hàn? Ṣé mo dárúkọ rẹ? Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ibi tó dùn jù nìyẹn, ta ni yóò yọ ọ́?"

Ìgbà yẹn ló yé e pé obìnrin náà ti mọ ohun tó ń wá kó tó gbá òun mọ́ra.

Nílé, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní àwọn ó bò mí lójú."

"A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Dìde. Mo ti dárí jì ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí pé òun yóò bò yín lójú, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ gbà lẹ́nu yín. Ẹkún yín ni ọjà tí irú wọn ń tà.

Bàbá kò padà wálé. Ìyá fi ipò olórí sílẹ̀ nínú ìjọ. Ó ṣì ń jáde sórí àtẹ̀gùn láràárọ̀.

"Túnráyọ̀, ó dàbọ̀ o," ni yóò wí, a sì wọlé. Kò pè é ní Àbẹ̀ḿbí mọ́.