Ibi Tí Kàrò Parí Sí

Ọ̀gá Stéphane, bíríkìlà wa, na okùn ìwọ̀n mọ́ ara ògiri balùwẹ̀, ó sì yíjú sí mi. Ó ní, "Céline, ìwọ ni bàbá rẹ fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Níbo ni kí n lẹ̀ ẹ́ dé?"

Kàrò ló ń sọ, àwọn pẹlẹbẹ dídán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Bàbá mi, Laurent, tó ń bá wọn ṣe títì lápá òkè lọ́hùn-ún, ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa ní Datcha, funfun nene. Wọn kò tó gbogbo ògiri. Bàbá ní níwọ̀n bí mo ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo sì mọ ìṣirò, kí èmi àti ọ̀gá jọ pinnu ibi tí kàrò yóò parí sí ní balùwẹ̀ àti ní ilé ìdáná.

Nítorí ìyá bàbá mi la ṣe ń kọ́ balùwẹ̀ náà. Ó ti di ọdún kejì tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá àgbà ti rọ. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi ti ń wẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ tó ti já jálajàla. Àwọn tó ń lọ sí oko yóò kí i láti ojú ọ̀nà, Ìyá àgbà yóò sì dáhùn níhòòhò. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ lásán, gbogbo agbo ilé ló máa ń dákẹ́ nígbà kan rí. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ bàbá mi fún ni ilẹ̀kùn tí wọn yóò máa tì kó tó bọ́ṣọ.

Àárẹ̀ ti di ara ìyá mi, Àpọ̀kẹ́. Á wẹ ìyá ọkọ rẹ̀ ní kùtùkùtù, á lọ sí oko iṣu, á dé, á dáná. Nígbà tí mo bi í ní ọ̀rọ̀ kàrò balùwẹ̀, ó ń bẹ iṣu, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ó ní kí wọ́n gbé e kọjá orí òun. Kò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà kò sì bèèrè. Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èmi ti mọ ibi tí mo ń lọ ní tèmi.

Ilé ìdáná ni mò ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan, Ange, ilé wọn wà ní Atakpamé, kàrò sì bo ògiri ilé ìdáná ìyá rẹ̀ dé àjà. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí ya fọ́tò, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì. A máa ń kàwé ìdánwò bákì, èyí tí a fi ń jáde girama, pọ̀ láti ilé dé ilé. Ọjọ́ tó kan ilé wa, Yannick, ọ̀kan nínú wa, wo ilé ìdáná wa, ó bi mí bóyá ògiri yẹn la fi ń yan ẹja. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ eegun.

Mo bá fi ìṣirò mi ṣe é. Ìyá àgbà kò lè dúró, orí àpótí ló ń jókòó wẹ̀. Mo gbé e jókòó lórí àpótí náà, mo wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé àtàrí, mo fi ìlà kàrò kan lé e. Bí ti balùwẹ̀ bá parí síbẹ̀, èyí tó kù á bo ilé ìdáná dé àjà. Ìṣirò náà pé pérépéré. Bí mo ṣe gbọ́n tó lójú ara mi nìyẹn.

Ọ̀gá Stéphane mi orí. Ó ní ibi tí epo bá ta dé nìkan ló nílò kàrò ní ilé ìdáná, nítorí èéfín lásán ni yóò kan ìyókù. Ó ní ilé alámọ̀ ni tiwa, sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú, omi tó bá fò kọjá orí kàrò ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbà wọlé. Ó wá béèrè ohun tí ìyá mi sọ.

"Màmá ní kó parí síbẹ̀," ni mo wí. Irọ́ ni mo pa.

Ó lẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe wí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dé, wọ́n ya fọ́tò títí, Ange ní ilé ìdáná wa ti dára ju tiwọn lọ. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn fún odindi ọjọ́ kan. Nígbà tí ìyá mi ti oko dé, ó dúró nínú balùwẹ̀, ó wo ògiri náà pẹ́. Ó bi mí bóyá kàrò ti tán ni, mo ní ó ti tán. Ó gbé Ìyá àgbà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láìpẹ́ a gbọ́ tí Ìyá àgbà ń kọrin nínú balùwẹ̀. Fún ọdún méjì a kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ rèé: ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ jókòó ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ń dúró. Ìyá mi yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, yóò bu omi nínú garawa, yóò gbé igbá sókè, yóò dà á lé e lórí. Omi náà á ta mọ́ ògiri lókè kàrò. Mo wọn ẹni tó jókòó, n kò wọn ẹni tó dúró, nítorí n kò wẹ Ìyá àgbà rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiwa kò lanu, èmi ni mo là á lẹ́nu.

Òjò dé, ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ògiri tó ti ń mu omi ìwẹ̀ wú díẹ̀díẹ̀, a kò fura. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, mo gbọ́ ariwo ńlá láti balùwẹ̀. Kàrò àti amọ̀ ti ya lulẹ̀ lápá kan. Ìyá mi ti fi ara rẹ̀ bo Ìyá àgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì bà lé. Ìyá àgbà kò fara pa. Ìyá mi kò lè nàró mọ́.

Ọ̀gá Stéphane wá, ó ti ìka bọ ògiri tó kù, ìka náà sì wọlé wẹ́rẹ́. Ó ní a ó wó gbogbo rẹ̀, a kò sì lè tún un kọ́ àfi bí ọ̀ẹ̀rùn bá dé. Ó wá rọra sọ fún ìyá mi lórí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí pé, "Ìyá Céline, ẹ̀yin lẹ kúkú ní kó parí síbẹ̀."

Ìyá mi wò mí. Ó yíjú sí ògiri, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni."

Bó bá lù mí, ì bá sàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Irọ́ ni, ọ̀gá. Màmá ní kó kọjá orí àwọn. Èmi ni mo yí i padà."

"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti rí ilé ìdáná yẹn ni mo ti mọ̀. Ó rẹ̀ mí ni, Céline. N kò lágbára ìjà."

Èmi ni mo ń wẹ Ìyá àgbà báyìí ní àràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ kìíní, bí mo ṣe gbọ́ ohùn àwọn ará oko lójú ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi wàràwàrà kí wọ́n má baà bá a níhòòhò. Omi ń wọ̀ ọ́ lójú.

"Má kánjú, ọmọ mi," ni ó wí. "Ta ni kò tíì rí mi tán?"

Mo sunkún, omi ìwẹ̀ ni kò jẹ́ kó mọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó pinnu fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́, ẹ bá a ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì gba ohun tó bá wí. Ohun tí mo fi wá ìyìn ọ̀rẹ́ fún ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan ló ń fi ìtìjú san án títí ọ̀ẹ̀rùn yóò fi dé.