Ìbuwọ́lùwé Abẹ́ Àga

"Kò bára mu."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì nínú báǹkì náà kò tilẹ̀ gbójú sókè kó tó sọ ọ́. Ó fi ìka kan ti fọ́ọ̀mù náà jáde lábẹ́ gíláàsì. Ọmọbìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Akọ̀wé gbà á, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni kò bára mu níbẹ̀?"

"Ìbuwọ́lùwé bàbá rẹ. Wo èyí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ wọn bó ṣe gún. Èyí tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù ńkọ́? Àfi bíi pé adìẹ ló rìn kọjá níbẹ̀. Gba fọ́ọ̀mù tuntun méjì. Bí ọ̀kan bá tún bàjẹ́, kí wọ́n lo ìkejì. Ẹni tó kàn!"

Ìgbà kẹta nìyí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kò pé. Ní ìgbà kejì, bàbá rẹ̀ bá a wá, wọ́n wọ ọkọ̀ méjì, wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, ó sì fọwọ́ sí ìwé nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní kí Akọ̀wé padà wá gbọ́ èsì. Òní ni ìgbà kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdánwò àṣekágbá Akọ̀wé yóò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti ń bá bàbá rẹ̀ kọ ìwọ̀n pákó sínú ìwé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá náà, ìwé kíkọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá a lára mu. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ràn láti kọ ni ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Gbogbo àga tó bá ti kàn tán, yóò dojú rẹ̀ délẹ̀, yóò sì fi pẹ́ńsùlù buwọ́ lù ú lábẹ́: ìlà kan tó ga, tó yí po, tó tún padà wá fa abẹ́ ara rẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa yí àga wò kí wọ́n tó gbé e lọ.

Oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ẹsẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, nǹkan kan kò ṣe ẹnu, ọwọ́ ọ̀tún ló kọ̀ tí kò gbọ́. Oníṣẹ́ méjì ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú àti ọwọ́ òsì ló sì fi ń darí wọn. Àfi bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe ní kí wọ́n wá kan ọgọ́ta àga fún àwọn. Wọ́n ní inú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ nìkan ni àwọn máa ń san owó sí, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí sì ni òpin. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bí báǹkì kò bá ṣí àkáǹtì náà, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, àwọn oníṣẹ́ méjì náà á sì wá ọ̀nà tiwọn lọ.

Nígbà tí Akọ̀wé dé ibi iṣẹ́, bàbá rẹ̀ jókòó láàárín èérún pákó. Àfọ́kù pátákó kún ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbuwọ́lùwé wíwọ́ sì kún ara gbogbo wọn.

"Kí ni wọ́n tún wí?"

"Wọ́n ní kò bára mu, Bàámi."

"Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní kí n mú eyín ìyá mi àgbà wá." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká kúkú sọ fún wọn pé ọwọ́ yín ò dá."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá. "Ká sọ fún ta ni? Kí ilé-ẹ̀kọ́ lè gbọ́ pé ẹni tí ò lè di pẹ́ńsùlù mú ló fẹ́ kan àga fún àwọn? Má dán an wò o. Inú ilé yìí ni ọwọ́ yìí ti ń ṣàìsàn, kò gbọdọ̀ dé ìta."

Ó gba fọ́ọ̀mù kan, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó sì buwọ́ lù ú. Ìlà náà gòkè díẹ̀, ó sì ṣubú. Bàbá fara ti àga, kò sì pẹ́ tí oorun fi gbé e lọ.

Akọ̀wé dúró síbẹ̀. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kò sì ní í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò fọ̀rọ̀ lọ̀. Ó ro ọkọ̀ méjì àlọ, ọkọ̀ méjì àbọ̀. Ó ro ìwé ìṣirò tí kò tíì ṣí láti ọjọ́ Àìkú. Ó dojú àga àtijọ́ kan délẹ̀, ó wo ìbuwọ́lùwé tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fa fọ́ọ̀mù kejì yọ. Láti kékeré ló ti ń fi ìka tọ ìlà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́, ó sì gún ju ti bàbá rẹ̀ àtijọ́ lọ.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé kò dára. Ó mọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì jọ lójú rẹ̀ pé ohun tó jẹ́ ti bàbá òun kò lè jẹ́ olè lọ́wọ́ òun. Ó ki fọ́ọ̀mù tí bàbá kọ bọ inú ìwé ìṣirò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin báǹkì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó bára mu. Ṣé o rí i bó ṣe rọrùn?"

Nígbà tó jíṣẹ́ nílé, bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń yí i wò. "Wọ́n gba ti ọwọ́ yìí? Ọwọ́ yìí náà?" Omi lé ròrò sí i lójú. Akọ̀wé fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ lọ kàwé. Kò rí ọ̀rọ̀ kan kà.

Ilé-ẹ̀kọ́ san owó pákó ní Ọjọ́bọ̀. Akọ̀wé ti rò ó pé òun ni yóò máa gba ìwé ìgbowó báǹkì wá sílé, tí yóò sì máa buwọ́ lù ú ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bàbá ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. "Èmi fúnra mi ni mo máa gba owó àkọ́kọ́ ilé-iṣẹ́ mi," ó wí. Akọ̀wé tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn àti àpò ìwé léjìká.

Ìyá àgbàlagbà kan tó so okùn mọ́ awò ojú ni ọ̀gá àwọn tó ń sanwó. Ó wo ohun tí bàbá kọ, ó wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà, ó sì yí fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀ wọn.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

Bàbá wò ó pẹ́. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ni, ti ìgbà tí ara rẹ̀ le. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò kọ irú rẹ̀ láti oṣù mẹ́sàn-án. Ó yíjú wo ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì wolẹ̀.

"Èmi ni," bàbá wí.

"Ẹ bá mi tún un kọ."

Ó mú bírò. Ọwọ́ òsì wá di tọ̀tún mú. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ ṣe kíá, a níṣẹ́ í ṣe!" Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìlà náà gòkè, ó ṣubú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún ṣubú. Akọ̀wé kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ purọ́ rí láyé, nítorí òun ló sì ṣe ń purọ́ yìí, lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà," ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ má bá Bàámi wí." Ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ó sì fa fọ́ọ̀mù tó ti pamọ́ sínú rẹ̀ yọ. "Èyí ni tiwọn."

Ìyá náà mú wọn wọ yàrá rẹ̀, ó ní kí bàbá jókòó.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lo dá sílẹ̀ yìí? Nítorí pé o jẹ́wọ́ ni mi ò fi ní í pè wọ́n. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ ti àkáǹtì yìí, owó á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó san án." Ó kọjú sí bàbá. "Ẹ̀yin náà, bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ara yín ò yá? Ìwé kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Ẹ ó tẹ̀ka, tàbí kí ẹ kọ ìbuwọ́lùwé tuntun. Kò gba ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bàbá tẹrí ba. "Ẹ̀bi tèmi ló ṣáájú tọmọ," ó wí.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ méjì lọ kó tó di oṣù tuntun. Akọ̀wé ṣe ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú. Ó yege, ṣùgbọ́n èsì ìṣirò rẹ̀ kò dùn ún gbọ́ létí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí báǹkì tó gbà láti ṣí àkáǹtì míràn. Lọ́jọ́ náà, bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ó sì fi ọwọ́ òsì kọ ìlà kúkúrú mẹ́ta tó dagun. Ìyá aláwò ojú ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn náà kò ju àga mẹ́rin lọ. Nígbà tí èkíní parí, bàbá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ní kí Akọ̀wé fún òun ní pẹ́ńsùlù.

"Ṣé kí n bá yín di ọwọ́ mú, Bàámi?"

"Fi í sílẹ̀. Bó bá ṣe rí ni kó rí."

Ìlà mẹ́ta náà wọ́, wọn ò sì gún régé. Akọ̀wé fi ìka tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, bó ti máa ń ṣe ní kékeré. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Akọ̀wé kò tilẹ̀ rìn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ má fi ọwọ́ yín kọ ohun tí kì í ṣe tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó bí yín. Ẹ la ẹnu sọ ohun tó ń ṣe yín. Ìlà wíwọ́ tó jẹ́ tẹni sàn ju èyí tó gún lọ tí a kò lè tún kọ lójú èèyàn.