Nọ́sù Tuntun ti Ṣálẹ́ńjì

Èéfín dúdú ni àwọn èrò Ojóò kọ́kọ́ rí. Lọ́rì Zùwáírátù, tó ru pákó lọ sí Ọ̀yọ́, ń wúkọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì kú sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Àkànó, awakọ̀ rẹ̀, gbìyànjú títí tí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́rì kò dáhùn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú ni pé kò tí ì pẹ́ rárá tí Zùwáírátù ra nọ́sù tuntun fún un, ìyẹn àwọn irin tó ń fọ́n epo dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dọ̀ Gbádérọ̀ ní Ṣálẹ́ńjì ló ti rà wọ́n. Ní ọdún 1963 yẹn, kò sí mẹkáníìkì tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó Gbádérọ̀ ní gbogbo Ìbàdàn. Ó ti jókòó ti obìnrin náà, ó sì ṣàlàyé fún un bí olùkọ́.

"Màmá, nọ́sù kì í ṣe èyí tó bá ṣáà ti wọ ihò. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní prẹ́ṣọ̀ tirẹ̀, ìyẹn agbára tó ń ti epo jáde. Bí prẹ́ṣọ̀ bá kéré, epo á máa kán tótó, lọ́rì á máa rú èéfín. Bó bá sì pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa ṣagídí. Tiyín tó ń ru pákó gun òkè, èyí ló bá a mu."

Ó fi nọ́sù náà sẹ́nu ẹ̀rọ tó fi ń dán an wò, ó tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ, aago prẹ́ṣọ̀ gòkè, epo sì fọ́n jáde bí ìrì. Ojú Zùwáírátù ló ṣe.

Nígbà tí Zùwáírátù dé Ojóò, ó ránṣẹ́ pe Gbádérọ̀ kan náà, ó sì dé pẹ̀lú sípánà. Ó tú nọ́sù kan, ó gbé e sókè, ó mi orí.

"Màmá, èyí kọ́ ni mo fi síbẹ̀. Ògbólógbòó ni. Ẹ bi awakọ̀ yín léèrè ẹni tó ta tuntun fún."

"Èmi?" ni Àkànó wí.

"Ta ló ń wa lọ́rì? Ṣé èmi ni?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Àkànó ti wà lẹ́yìn irin ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì Àyànkúnlé ti ìwé kan síwájú Zùwáírátù.

"Màmá, ẹ fọwọ́ sí i pé awakọ̀ yín jí nọ́sù, ká lè gbé e lọ sí kóòtù."

"N kò fọwọ́ sí i."

"Bí ẹ kò bá mọ̀wé kọ, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ orúkọ mi kọ dáadáa. N kò ní kọ ọ́ sábẹ́ irọ́."

"Ta wá ni olè?"

"N kò tí ì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá a."

"Iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn."

"Ẹ ṣe é nígbà náà."

Sájẹ́ǹtì wò ó, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ó di Sátidé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọwọ́ sí i o, ẹ kò fọwọ́ sí i o, yóò lọ sí kóòtù."

Zùwáírátù kò lè gbàgbé pé nígbà tí ọkọ òun kú, tí àwọn ẹbí ọkọ wá gbé lọ́rì, Àkànó ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé e kó kọ́kọ́ wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò ta nọ́sù òun.

Ó lọ sí Dugbẹ̀, ó ń béèrè ẹni tó ti ra nọ́sù lọ́wọ́ Gbádérọ̀ rí. Wọ́n júwe Àlàájì Sùlàímọ́nù fún un, ẹni tí lọ́rì rẹ̀ ń kó kòkó.

"Ìyá, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún ìjọba," ni Àlàájì wí. "Bí Àjàmú, awakọ̀ tèmi, ti ṣe nìyẹn. Mo lé e dànù."

"Ẹ rí i níbi tó ti ń tú u?"

"Ta ló ń rí olè?"

"Ọjọ́ wo ni Gbádérọ̀ bá yín ṣe é?"

"Ọjọ́ Jímọ̀."

"Ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣe tèmi náà. Ó ní kí ẹ́ńjìnnì tutù kí òun tó tún un fún le, pé kí èmi àti Àkànó lọ kírun ká tó padà wá."

"Ó tiẹ̀ bu omi àlùwàlá fún mi," ni Àlàájì wí. "Mo ní ọmọlúàbí ni."

Láti ibẹ̀, Zùwáírátù lọ sí Onírèké lọ́dọ̀ Díákónì Theophilus, ọlọ́kọ̀ mìíràn tí nọ́sù rẹ̀ ti sọnù. Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe tirẹ̀? Díákónì fọwọ́ ra orí.

"Ọjọ́ Ìsinmi ni. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Ó ní kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní tèmi, pé òun á ti parí rẹ̀ kí pásítọ̀ tó wàásù tán. Ìwàásù pásítọ̀ wa sì máa ń gùn."

Zùwáírátù padà sọ́dọ̀ Sájẹ́ǹtì. "Ní Jímọ̀ yìí, Àlàájì yóò gbé lọ́rì rẹ̀ lọ bá Gbádérọ̀, yóò ní òun tún fẹ́ tuntun. Gbogbo ọkùnrin yóò lọ kírun. Ìrun Jímọ̀ kò di dandan fún obìnrin. Èmi yóò wà lábẹ́ tapólì tí wọ́n fi ń bo kòkó nínú lọ́rì."

"Abẹ́ tapólì?"

"Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má wọ aṣọ ìjọba. Yóò dọ̀tí."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe dùbúlẹ̀ sẹ́yìn lọ́rì lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ooru ń sè wọ́n, tí eruku kòkó ń rin imú wọn. Wọ́n gbọ́ tí Gbádérọ̀ ń ṣàlàyé prẹ́ṣọ̀, tó ń dán nọ́sù wò, tó ń dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ máa lọ kírun, Àlàájì. Ẹ rántí mi nínú àdúà."

Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lọ. Ibẹ̀ parọ́rọ́. Sájẹ́ǹtì fẹ́ sín. Zùwáírátù fi ọwọ́ méjèèjì fún imú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn díẹ̀ ti jáde.

"Ta nìyẹn?" Gbádérọ̀ bọ́ sẹ́yìn lọ́rì. Ó fọwọ́ kan tapólì. Ewúrẹ́ kan tó wà lábẹ́ lọ́rì bú jáde, ó sì sá lọ. Gbádérọ̀ ṣépè fún un, ó padà sídìí ẹ́ńjìnnì. Láìpẹ́, sípánà bẹ̀rẹ̀ sí dún.

Zùwáírátù kò dúró de Sájẹ́ǹtì. Ó ká tapólì kúrò, ó sì bọ́ sílẹ̀.

"Gbádérọ̀, o kú iṣẹ́."

Ọkùnrin náà yí padà. Nọ́sù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, òmíràn wà lọ́wọ́ òsì.

"Màmá? Mo... mo ń tún un fún le ni."

"Méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ. Èwo lo ń fún?"

Ó ju ọ̀kan sínú garawa ọ́ìlì dúdú, ó sáré sórí alùpùpù rẹ̀. Sájẹ́ǹtì fò sílẹ̀ láti mú un, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri, ó sì ṣubú. Alùpùpù dáhùn. Gbádérọ̀ doríkọ ẹnu ọ̀nà tó já sí Ring Road. Zùwáírátù ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó fún ìró mọ́ ìdí, ó na apá méjèèjì.

"Màmá, ẹ yà!"

"Gùn mí kọjá."

Gbádérọ̀ yà fún un, ó sì ré sínú gọ́tà tòun ti alùpùpù. Sájẹ́ǹtì tiro dé ibẹ̀, ó sì di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Tuntun ni méjèèjì," ni Gbádérọ̀ ń wí. "Ẹ kò lè fi hàn pé mo jí nǹkan."

Àwọn tó lọ kírun ti ń padà. Wọ́n yí wọn ká. Zùwáírátù ti ọwọ́ bọ ọ́ìlì dúdú, ó mú nọ́sù jáde, ó gbé e síwájú Gbádérọ̀.

"Dán an wò bí o ṣe dán an wò fún mi."

Aago prẹ́ṣọ̀ gòkè, epo fọ́n bí ìrì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó dán èkejì wò, èyí tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Aago mì díẹ̀, ó padà jókòó. Epo ń kán tótó bí itọ́ ọmọ ọwọ́.

"Èyí ni o fẹ́ kí n gbé lọ sílé?" ni Àlàájì béèrè.

"Nọ́sù tuntun mélòó lo ní gan-an?" ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Ti ọkọ̀ kan ṣoṣo ni."

"Lọ́rì mélòó lo ti tà á fún?"

Gbádérọ̀ wolẹ̀. "N kò kà wọ́n."

"Àwọn awakọ̀ tí o ń purọ́ mọ́ ńkọ́?"

"Bí mo bá ti lè dárúkọ awakọ̀, àwọn ọ̀gá wọn kì í bi mí léèrè ohun mìíràn mọ́."

Sájẹ́ǹtì ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ni Gbádérọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nílé."

"Àkànó kò sí nílé. Àgọ́ ọlọ́pàá ló wà. Ibẹ̀ la ó ti yanjú ẹ̀."

Wọ́n tú Àkànó sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ti hù, ó dọ̀bálẹ̀ fún Zùwáírátù nínú iyẹ̀pẹ̀, obìnrin náà sì fà á dìde pé kó má ba aṣọ jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú Zùwáírátù kún fún omijé, ṣùgbọ́n ó ní eruku kòkó ni.

Àlàájì Sùlàímọ́nù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí. Ó sún mọ́ wọn.

"Àkànó, ọmọ mi. Ṣé o mọ ibi tí Àjàmú wà?"

"Ó wà ní Sábó, Àlàájì. Ó ń ru àlùbọ́sà."

"Bí mo bá lọ bá a, ṣé yóò dá mi lóhùn?"

Àkànó wo ilẹ̀. "N kò mọ̀, Àlàájì."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Zùwáírátù wí, ó ti mú ọ̀nà Sábó pọ̀n. "Ẹ ó bi í fúnra yín."