Dékódà Tó Mọ Ohùn Nùrẹ́nì

Bàtà Marcel ń dán débi pé, bó ṣe wọ àgbàlá Sèlíátù ní Dougouba, àdúgbò kan ní Bouaké, adìyẹ mẹ́ta ló dúró wo ojú ara wọn nínú ẹ̀. Káàdì tó gbé kọ́rùn tóbi tó pátákó ilẹ̀kùn. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"La vieille, ìyá àgbà, dékódà yín ń gba tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, àbí kì í gbà á?"

"Ó ń gbà á."

"Ẹ ti wọ gàù nìyẹn! Ebi ń pa àwọn tó ni fíìmù. Ẹ̀yin jókòó sílé, ẹ̀ ń gba iṣẹ́ wọn sílẹ̀, ẹ̀ ń fo ìpolówó ọṣẹ, ẹ̀ ń wò ó nígbà mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti fòfin dè é. Ẹ gbé e wá, àbí ká jọ lọ sẹ́wọ̀n?"

"Ọ̀gá, fíìmù kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Ọkọ mi ni."

"Ta ló fún yín láṣẹ láti gba ọkọ sílẹ̀?"

Ó já wáyà, ó gbé dékódà, ó gun alùpùpù. Kí Sèlíátù tó rí gèlè wé, kò kù ju eruku lọ.

Lóòótọ́, ọkọ ẹ̀ ni. Ó ti pé ọdún méjì tí Nùrẹ́nì, tó ń ta páàtì mọ́tò, ti kú. Kó tó kú, àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n bi í léèrè ọ̀rọ̀ lọ́jà, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Kò síbòmíì lágbàáyé tí ohùn ẹ̀ wà. Gbogbo Jímọ̀ ni Sèlíátù ń wò ó.

Clé, ìyẹn fláàṣì kékeré tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà sí, kò bá Marcel lọ ṣá. Etí ìró Sèlíátù ló máa ń wà, ní kókó. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi ṣe? Qoyyum tó bá a so dékódà yẹn ti ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà: "Màmá, àwọn tó ni fíìmù ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dà á kọ, wọ́n ti tì í pa látinú wá. Ohun tí dékódà yìí bá gbà, òun nìkan ló lè ṣí i. Ẹ gbé clé yìí dé Mẹ́kà, kò ní fọhùn nínú òmíì."

Nùrẹ́nì ti wá kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Clarisse gba ẹjọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ojú ẹ̀ mú débi pé ó lè gé iṣu.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkejìdínlógún. Kò sí ọ́fíìsì kankan tó rán an. Àmọ́ olè yìí kì í ṣìlé. Ilé tó ní dékódà tó ń gbà sílẹ̀ nìkan ló ń wọ̀. Ẹnì kan ló ń júwe fún un. Ta ló so tiyín?"

Sèlíátù rò ó wò. Qoyyum? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ dé Bouaké. Ìrẹsì tó jẹ nílé wọn á kún ọkọ̀ ojú irin. Nùrẹ́nì ló gba ṣọ́ọ̀bù fún un. Ta ni yóò fa ọmọ ìlú ẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?

"Mo ti gbàgbé," ló wí.

Ọ̀dọ̀ Qoyyum gan-an ló gbà lọ, ní àdúgbò N'Gattakro. Qoyyum káwọ́ lérí, ó sunkún tó lè fọ lọ́rì.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá jókòó síbi tí wọ́n wà! Wọ́n rí ọkùnrin yẹn ní ìlú Marabadiassa lọ́hùn-ún. Ẹ lọ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó bá a lọ́jà."

Sèlíátù lọ. Ó fi Dioula bèèrè, ó fi Baoulé bèèrè, díẹ̀ ló kù kó bi ewúrẹ́. Ó tilẹ̀ sáré gbá ọkùnrin oníkáàdì kan mú lápá, àṣé tíṣà ni. Nígbà tó sú u, ó ra iṣu mẹ́ta fún Qoyyum, torí ẹni tó bá èèyàn sunkún kì í ṣe ẹni à á gbàgbé.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Bàtà kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ojú ara ẹ̀ nínú ẹ̀.

"Ìyá yẹn ṣì ń wá ẹ kiri Marabadiassa," ohùn Qoyyum ló ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. "Fi ọ̀bẹ ha nọ́ńbà ìdí àwọn dékódà yìí kúrò kíá. Oníbàárà ń bọ̀ láago márùn-ún."

Sèlíátù gbé iṣu sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó yà sẹ́yìn ògiri, ó pe Clarisse.

"Ọmọ mi, mo ti rántí ẹni tó so ó."

Ọlọ́pàá dé bí ìjì. Marcel fò gba fèrèsé láìwọ bàtà, ó fo gọ́tà méje, àwọn ọlọ́kadà sì gbé e wá bí àpò símẹ́ńtì. Qoyyum ò sá ní tiẹ̀.

"Dékódà oníbàárà ni wọ́n, mò ń tún wọn ṣe. Ogún rèé, ojú kan náà ni gbogbo wọn. Èwo ni ti Màmá? Kó mú un ká rí i."

Clarisse wo Sèlíátù. Sèlíátù tú kókó etí ìró ẹ̀.

"Ìwọ lo sọ fún mi, Qoyyum. Òun nìkan ló lè ṣí i."

Òógùn bo Qoyyum. Wọ́n ti clé bọ àkọ́kọ́, kò fọhùn. Ìkejì, kò fọhùn. Nígbà tó di ìkejìlá, Nùrẹ́nì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fìlà funfun, ó ń sọ̀rọ̀ páàtì mọ́tò. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà:

"Mo kí ìyàwó mi, Sèlíátù, ní Dougouba. Kó se ìrẹsì púpọ̀ o. Qoyyum ọmọ wa ń bọ̀ wá jẹun."

Qoyyum jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn! Èmi ni. Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn tó ni fíìmù ń bínú sáwọn tó ń gbà á sílẹ̀, mo ní àwọn èèyàn á gbà á gbọ́. Èmi ni mo júwe gbogbo ilé fún Marcel. Màmá, ẹ foríjì mí."

Sèlíátù yọ clé ẹ̀, ó so ó padà sétí ìró. Àwọn tó ni dékódà yòókù wá kó tiwọn, ariwo ayọ̀ wọn dé Abidjan. Sèlíátù gbé tiẹ̀ sọ́wọ́ kan, ó sì kó iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìkejì.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, ó ti clé bọ ìdí dékódà, ó gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Àmọ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ ìrẹsì, ó pa tẹlifíṣọ̀n.